Wọ́n Ní Oòrùn Kò Ní í Sá Lọ: Ìrìnàjò Ọjọ́ Kan sí Ìkógòsì àti Ìkẹ́rẹ́

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó mú mi jókòó kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń kó ènìyàn rìnrìnàjò afẹ́ láti Adó-Èkìtì ni ó sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ní aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá wa sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ lè gbéra, nítorí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, oòrùn ò ní í sá lọ.” Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ Jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì. Sísá lọ gan-an ni iṣẹ́ tí mo mọ̀ mọ oòrùn.

Ohun tí wọ́n tà fún wa ni pé a ó lo òwúrọ̀ ní Ìkógòsì, níbi tí ìsun omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, a ó jẹun ọ̀sán níbẹ̀, a ó yà kí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, a ó sì parí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè Olósunta láti wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Mo sanwó fún ara mi àti fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí ó ti ń gbé Sókótó láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti rí oòrùn tí ó wọ̀ sórí yanrìn tó, òun fẹ́ rí èyí tí yóò wọ̀ sẹ́yìn òkè ní ilẹ̀ baba òun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò ní àbùkù. Aago méje ààbọ̀ ni wọ́n dá, aago méje ààbọ̀ náà ni ọkọ̀ ṣí. A gba Ìyìn, Ìgèdè àti Aramọkọ kọjá, awakọ̀ náà kò sì sáré àsápajúdé kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jẹ́ afinimọ̀nà wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé àyè kan. Ó sọ ìtàn àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìyàwó ọdẹ kan náà, tí ọ̀kan jẹ́ oníwà tútù tí èkejì sì gbóná bí iná, tí àwọn méjèèjì wá di omi. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú ìsun gbígbóná náà, nítorí pé ooru rẹ̀ níbẹ̀ ń lọ sí 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé ni ó kó wa lọ, níbi tí ooru náà ti rọlẹ̀ sí bíi 37, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ara ènìyàn. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú ọ̀kan, mo ki ti òsì bọ inú èkejì, àwọn méjèèjì kò sì jìnnà sí ara wọn ju ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan lọ. Ọ̀tún ń fẹ́ sùn, òsì ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní báyìí ni bàbá wa ṣe rí láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán pẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí i, nítorí ìgbà tí a dé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ odó. Iyán náà kò ní kókó kan ṣoṣo, ẹ̀fọ́ rẹ̀ sì gba ìyìn. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo wa ti wà nínú ọkọ̀, àfi ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n padà sínú odò ìwẹ̀ láti ya fídíò. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá ni wọ́n. Ìpè tí mo kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì, wọn kò gbé e. Nígbà tí mo tún pè, ọkùnrin kan ní òun yóò pè mí padà, mo ṣì ń retí rẹ̀ títí di òní. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ oòrùn tí kò ní í sá lọ. Afinimọ̀nà náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fún un wọ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, mà, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni.” Bí àwọn tọkọtaya náà ṣe wọlé, wọn kò kí ẹnikẹ́ni.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ni a tó kúrò níbẹ̀. Kí ó lè tù wá nínú, afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Olówè ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ayé àtijọ́ nì, ó ní a ó fojú ara wa rí ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ògògà. Ọ̀rọ̀ yìí tún ta mí lára. Mo sọ fún un níṣojú gbogbo ọkọ̀ pé ilẹ̀kùn náà, tí Olówè gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914, ti lọ síbi ìpàtẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924, kò sì padà wálé mọ́. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, àga oyè kan ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà. Mo retí pé yóò bá mi jiyàn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fa ìwé yọ nínú àpò, ó ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọdún yẹn pè.” Ó kọ ọ́, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú wa ní Adó. Nígbà tí a fi máa bọ́ sọ́nà Ìkẹ́rẹ́, ó ti kọjá aago mẹ́fà ààbọ̀. Afinimọ̀nà náà kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní kí awakọ̀ yà sẹ́bàá ọ̀nà, níbi àpáta pẹrẹsẹ kan. Ìyá àgbà kan ń kó ẹ̀gẹ́ tí ó sá síbẹ̀ sínú àpò, ó ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá èyí tí ó fọ́ jọ. Ó ní, “Ẹ bọ́ bàtà yín o, oúnjẹ ni.” A bọ́ bàtà. Àpáta náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi bí omi òwúrọ̀. Oòrùn wà lókè níwájú wa, ó pupa bí epo inú àwo, kò ní ìtànṣán kankan, ọmọdé lè tẹjú mọ́ ọn. Kò tilẹ̀ dé orí òkè kí ọyẹ́ tó gbé e mì. Mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni, pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti agbègbè Bodélé ní Chad fẹ́ wá. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo ìka ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Àṣé aṣálẹ̀ tẹ̀lé mi délé.” Afinimọ̀nà bá ìyá náà gbé àpò rù. Àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀gá kò sọ̀ kalẹ̀.

A kò rí ààfin, a kò dé Olósunta, ilé-iṣẹ́ náà kò sì dá kọ́bọ̀ padà. Ẹ̀dínwó ìgbà mìíràn ni wọ́n fi lọ̀ mí. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ti gba àyè mẹ́ta fún ìgbà Àjíǹde, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé afinimọ̀nà yẹn ni mo fẹ́.