miniDSP 2x4 HD: àpótí kékeré tó ń pààlà sáàárín subwoofer àti sípíkà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra subwoofer, sípíkà tó wà fún béèsì (ohùn tó rẹlẹ̀) nìkan, sí pálọ̀ wọn ní Èkó tàbí Ìbàdàn ni kò tíì jẹ̀gbádùn rẹ̀, agbára subwoofer náà kọ́ ló sì fà á. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ kì í jẹ́ kí béèsì ráyè jáde. Inú yàrá ló ń dá a padà sí. Ògiri pákó tí wọ́n fi jípúsọ́ọ̀mù bò, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, a máa jẹ́ kí díẹ̀ nínú béèsì náà bá tibẹ̀ lọ. Nítorí náà, béèsì kì í wọ́n wa nínú ilé. Ó máa ń pọ̀ jù ni, a sì máa dà pọ̀ mọ́ra débi pé ìyàtọ̀ ìlù sí gìtá kò ní hàn mọ́. Ẹni tó bá wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ tó tún lọ ra subwoofer tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wàhálà ló fowó ara rẹ̀ rà. Àkóso ni ó yẹ kó náwó sí, miniDSP 2x4 HD tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín sì ni irinṣẹ́ àkóso ohùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ títí di ìsinsìnyí.

Ilé-iṣẹ́ miniDSP ní Hong Kong ló ń ṣe é. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ ni, kò sì ní ojú tí nǹkan ń hàn lórí rẹ̀. Ihò RCA méjì ni orin ń gbà wọlé, mẹ́rin ni ó ń gbà jáde. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè gba ọ̀nà optical (wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) láti ara tẹlifíṣọ̀n tàbí USB láti ara kọ̀ǹpútà. Nínú pálọ̀ tèmi, ihò méjì lọ sọ́dọ̀ amplifier tó ń gbé sípíkà ọ̀tún àti ti òsì, ìkẹta lọ sọ́dọ̀ subwoofer, ìkẹrin sì ṣófo, ó ń retí subwoofer kejì bí owó bá dé.

Crossover ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rà á fún. Asẹ́ ògì máa ń ya ògì kúrò lára eérí. Iṣẹ́ tí crossover ń ṣe nìyẹn, àmọ́ níhìn-ín a nílò apá méjèèjì: béèsì á lọ sọ́dọ̀ subwoofer, ohùn yòókù á lọ sọ́dọ̀ àwọn sípíkà. Bọ́tìnì tí a ń yí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ subwoofer kò ṣe ju ìdajì iṣẹ́ yìí lọ: subwoofer nìkan ló ń ká lọ́wọ́ kò, àwọn sípíkà kékeré sì ń bá a lọ láti máa kọ gbogbo ohùn bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn á ṣe rẹlẹ̀ tó. Láàárín 60 Hz sí 100 Hz, àwọn méjèèjì á wá máa dún lé ara wọn lórí. Èyí tó tún burú ni pé bí sípíkà kan bá fẹ́ dún ní 40 Hz sókè tó bó ṣe ń dún ní 80 Hz, awọ rẹ̀ ní láti máa rìn síwájú-sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́rin. Sípíkà kékeré kò ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀, ohùn akọrin tí sípíkà yẹn kan náà ń gbé ni yóò sì bàjẹ́.

Asẹ́ tí mo yàn nínú ètò miniDSP ni Linkwitz-Riley onídẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 24 (dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì, dB, ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe lágbára tó), èyí tí a sọ lórúkọ Siegfried Linkwitz àti Russ Riley tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Hewlett-Packard, ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1976 ni Linkwitz tẹ àlàyé rẹ̀ jáde. Ẹwà asẹ́ yìí ni pé, ní ojú ààlà gan-an, sípíkà á ti fi 6 dB rẹlẹ̀, subwoofer náà á ti fi 6 dB rẹlẹ̀, ìdajì pẹ̀lú ìdajì á sì di odindi láìsí òkè tàbí kòtò láàárín wọn. Nígbà tí a bá fi dé 160 Hz, ìyẹn ìlọ́po méjì ààlà tí mo yàn, subwoofer á ti fi nǹkan bíi 24 dB rẹlẹ̀, etí kò sì ní mọ igun tí ó jókòó sí. 80 Hz ni mo fi ààlà náà sí, iye tí àwọn THX, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé òṣùwọ̀n ohùn sinimá kalẹ̀, ti ń dámọ̀ràn fún sinimá inú ilé tipẹ́, nítorí pé ó ṣòro fún etí láti tọ́ka sí ibi tí ohùn tó bá rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ti ń wá.

Iṣẹ́ kejì, tí mo kà sí pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú ilé búlọ́ọ̀kù, ni títún ohùn yàrá ṣe. Yàrá tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 4, tó sì ga ní mítà 3 yóò máa gbé béèsì sókè ní nǹkan bíi 34 Hz, 43 Hz àti 57 Hz, torí pé ibẹ̀ ni ìdajì ìgbì ohùn ti bá ìwọ̀n ògiri sí ògiri mu. Ẹ wo ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ nínú orin jùjú. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ń dún ní 41 Hz, ohùn F tó tẹ̀ lé e sì wà ní ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 44 Hz. Nígbàkígbà tí onígìtá bá fọwọ́ kan F yẹn, gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n. Bó bá sì gun G ní 49 Hz, ohùn á dédé rọlẹ̀ bí ẹni pé ó gbàgbé láti ta á. Onígìtá kò ṣẹ̀, yàrá ló ń pariwo. miniDSP fún wa ní asẹ́ mẹ́wàá lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láti fi gé irú òkè bẹ́ẹ̀ kúrò. Mo fi asẹ́ tóóró kan gé 7 dB kúrò ní 43 Hz, F sì padà sípò rẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní báyìí, mò ń gbọ́ ibi tí ìka ti kúrò lára okùn.

Máìkì ló máa fi àwọn òkè náà hàn wá. UMIK-1 tí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ń tà máa ń ní fáìlì àtúnṣe tirẹ̀ tí a fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò Room EQ Wizard tí a fi ń yàwòrán ohùn lórí kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ààyè tó dára fún subwoofer. Asẹ́ lè rẹ òkè sílẹ̀, kò lè dí kòtò. Níbi tí ìgbì méjì bá ti pa ara wọn, ìlọ́po mẹ́wàá agbára ni amplifier máa ná láti fi 10 dB kún un, ìgbì tó padà láti ara ògiri á sì tún pa gbogbo rẹ̀. Sísún subwoofer kúrò ní igun yàrá lè ṣe ohun tí asẹ́ mẹ́wàá kò lè ṣe.

Iṣẹ́ kẹta ni ìdádúró ohùn, kí ohùn sípíkà àti ti subwoofer lè dé etí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 láàárín ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀pọ̀ subwoofer òde òní sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dún nítorí ẹ̀rọ oní-dígítà inú wọn, nítorí náà, àwọn sípíkà ni a sábà máa ń dá dúró kí subwoofer lè bá wọn. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí a yí ìdojúkọ (polarity) subwoofer padà, kí awọ rẹ̀ máa wọlé nígbà tó yẹ kó máa jáde, kí a fi ohùn 80 Hz sílẹ̀ kó máa dún, kí a máa tún ìdádúró ṣe títí ohùn náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí àga tí a ń jókòó sí, kí a sì wá dá ìdojúkọ náà padà.

Kò ṣàìní àbùkù. Gbogbo ètò rẹ̀ dúró lórí kọ̀ǹpútà, èdè onímọ̀ ẹ̀rọ ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Fólítì 2 ni ohun tó ń jáde lára rẹ̀ mọ, àwọn amplifier ńlá tí wọ́n ń lò níbi ayẹyẹ sì lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá so kọ̀ǹpútà tó wà lórí iná mọ́ ọn, ariwo iná lè yọ́ wọlé nípa wáyà RCA. Yíyọ USB kúrò lẹ́yìn tí a bá ti parí ètò sábà máa ń paná rẹ̀. Ẹ máa ka owó máìkì àti owó ìkẹ́rù mọ́ ọn, ẹni tó bá sì fẹ́ Dirac Live, ètò tó ń tún ohùn yàrá ṣe fúnra rẹ̀, gbọ́dọ̀ sanwó mìíràn. Ní ti iná, fólítì 12 ló ń lò, ìyẹn kò sì ni inverter lára rárá.

Ẹni tó bá ti ní receiver sinimá (amplifier fún sinimá inú ilé) kò nílò rẹ̀ fún crossover, nítorí receiver ti ní tirẹ̀ nínú. Kí ó fi ààlà sí 80 Hz níbẹ̀, kí ó sì yí bọ́tìnì ẹ̀yìn subwoofer dé òkè pátápátá kí asẹ́ méjì má baà lé ara wọn lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi amplifier olóhùn méjì gbọ́ orin, tí subwoofer rẹ̀ sì ń hó gèè láìdún, kí ó ra á, kí ó sì ra máìkì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.