Odò Ògùn gbà á, òkun kọ̀ ọ́: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ dítẹ́kítọ̀ tòkunbọ̀

Ẹni tó tà á fún mi ní kò sómi tí kò lè wọ̀. Kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé wíwọ omi lọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ gbọ́ràn nínú omi lọ́tọ̀. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń lò ó ní Abẹ́òkúta níbí, ojú mi sì ti rí méjèèjì.

Ẹ̀rọ aṣàwárí irin ni mò ń sọ o, ọ̀pá gígùn tó ní àwo pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn sẹkiúríìtì fi ń yẹ èèyàn lára wò lẹ́nu ọ̀nà báńkì. Dítẹ́kítọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Tòkunbọ̀ ni tèmi, ₦190,000 ni mo rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó máa ń kó ẹrù Amẹ́ríkà wálé. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí ọwọ́ ẹlòmíì ló ti kọ́kọ́ wà, ìyà tí èmi náà sì fi jẹ ẹ́ kì í ṣe kékeré. Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, ìgbì kan ṣoṣo ló ń rán sínú ilẹ̀, kilohertz 15 (ìyẹn ni pé ó ń mì ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé ó lè wọ omi dé mítà 3. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìgbì kan ṣoṣo yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, odò Ògùn máa ń fà lọ́wọ́ Láfẹ́ńwá. Àpáta á yọrí, yanrìn á sì tẹ́ lọ láàárín wọn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ń pariwo ṣáá, bí mo bá gbẹ́lẹ̀ mi ò rí nǹkan kan. Mo ti fẹ́ gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé yangí ló ń gbọ́. Ilẹ̀ pupa wa yìí ní irin nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òkúta kan, ẹ̀rọ tí kò bá tíì mọ ilẹ̀ á sì máa ka gbogbo ẹ̀ sí ìṣúra. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fi ilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ibi tí kò sí irin, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ máa gbé àwo náà sókè, kí ẹ máa gbé e sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń fọwọ́ rọra gún iyán, títí á fi dákẹ́. Bí ẹ bá kúrò lórí yangí bọ́ sórí yanrìn, ẹ tún un ṣe. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, àmọ́ òun ni gbogbo iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni etí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í là. Irin lásán á ké hùn-ùn, idẹ àti owó ẹyọ á ké tín-ín. Ìdérí mínírà ni ọ̀tá tèmi, torí irin ni, àmọ́ á máa fi ohùn owó pe èèyàn. Mo ti kó wọn tó ìdajì garawa.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tipa kan. Oṣù kìíní ni. Dírẹ́bà kan tó wá gbé yanrìn tẹ̀ bọ omi láti bọ́jú, kọ́kọ́rọ́ jábọ́ lápò ẹ̀, omi sì dé orúnkún níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wa yanrìn ti fẹsẹ̀ tú ibẹ̀ títí, omi ti dà bí ẹ̀kọ. Wọ́n ní kí wọ́n lọ pe "bọ̀dá onírin". Mo ki àwo bọ omi, mo ń rọra gbá a lọ gbá a bọ̀ bí ìgbálẹ̀, ìka méjì péré sí yanrìn. Ìyá àgbà kan tó ń fọṣọ lórí àpáta wò mí lọ wò mí bọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe nǹkan Ìyá lo fẹ́ gbé?"

"Rárá o, mà. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ló bọ́ sómi."

"Ó dáa. Bó o bá rí igbá, yà fún un o."

Yemọja ni wọ́n ń sọ, mo sì máa ń yà fún un lóòótọ́. Ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, mo gbọ́ tín-ín kan tó ṣe ṣókí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wá a, nísàlẹ̀ díẹ̀ síbi tó ní ó ti bọ́. Omi ti gbé e lọ. Mo fi asẹ́ onírin tí mo ní kí wẹ́dà kan ṣe fún mi bu yanrìn ibẹ̀, mo jọ̀ ọ́, kọ́kọ́rọ́ sì jókòó sínú ẹ̀. (Ẹ má ṣe jẹ́ kí asẹ́ yẹn sún mọ́ àwo o, òun fúnra ẹ̀ ni ẹ̀rọ á máa gbọ́.)

Èyí tó wù mí jù nínú ohun tí mo ti rí kò ju kọ́bọ̀ onihò kan lọ, ti ayé àwọn òyìnbó, tó ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yí ihò ẹ̀ ká. Mo fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo kà á: 1936, Edward kẹjọ. Ọba Gẹ̀ẹ́sì yẹn gorí oyè ní oṣù kìíní ọdún yẹn, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kejìlá kí wọ́n tó dé e ládé. Torí ihò àárín yẹn, kò sí orí ọba lára ẹ̀, orúkọ nìkan ni. Ìyá mi kò bìkítà fún ọba kankan. Wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n ní "èyí á ra àkàrà tó máa yó wa nígbà náà." Bó bá jẹ́ ère tàbí iṣẹ́ idẹ àtijọ́ lẹ bá ṣalábàápàdé, ẹ má wú u. Òfin National Commission for Museums and Monuments (àjọ ìjọba tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé) ti 1979 kò fàyè gba kí ẹni tí kò níwèé àṣẹ máa gbẹ́lẹ̀ wá irú ẹ̀.

Ó wá kan òkun. Mo wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Ladérin, ó gbé mi dé Ebute Metta, mo sì gba ibẹ̀ lọ sí etí òkun kan lápá Lẹ́kí. Lórí yanrìn gbígbẹ, kò sí wàhálà. Mo rìn sún mọ́ ibi tí omi ń fọwọ́ bà, ẹ̀rọ bá figbe ta, kò sì dákẹ́ mọ́. Mo gbé àwo sókè sílẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Iyọ̀ ló fà á. Omi oníyọ̀ máa ń gbé iná kọjá, ẹ̀rọ onígbì kan sì máa ń gbọ́ ọ bí ẹni pé irin ló tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ìgbà tí mo dín agbára ìgbọ́ràn ẹ̀ kù dé ìdajì ló tó jẹ́ kí n sinmi, ṣùgbọ́n ohun tó bá jìn ju ìka mẹ́ta lọ, kò gbọ́ ọ mọ́. Ìdérí agolo bíà àti yẹtí kan ṣoṣo ni mo gbé wálé. Irú dítẹ́kítọ̀ Minelab Equinox 800 tó jáde ní 2018 máa ń fi ìgbì púpọ̀ ṣiṣẹ́ pa pọ̀, ìyẹn ló fi ń lè ya ohùn iyọ̀ kúrò lára ohùn irin. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń pè ní pulse induction, tí iná ìṣẹ́jú kéékèèké ni wọ́n ń rán sínú ilẹ̀ dípò ìgbì tí kì í dákẹ́, iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí wọn lọ́wọ́, àmọ́ ìṣó àti wúrà, ohùn kan náà ni létí wọn. Ẹ óò gbẹ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi dùn yín.

Nígbà tí mo dé láti etí òkun ni mo ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ó rẹ̀ mí, mo fi ẹ̀rọ sílẹ̀ nínú àpò fún ọjọ́ méjì, n kò fọ̀ ọ́. Ọ̀pá mẹ́ta tó máa ń wọ inú ara wọn ti lẹ̀ pọ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti hù lára wọn. Ìyẹn kéré. Òrùka rọ́bà tín-ín-rín kan wà lẹ́nu ibi tí bátìrì ń wọ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Mo rí i pé ó gbẹ, mo bá fi àdín pa á. Àdín! Bí ẹni ń pa ọmọ lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, rọ́bà náà wú, ó dẹ̀, kò jókòó sínú àyè ẹ̀ dáadáa mọ́. Mo tún gbé ẹ̀rọ sínú oòrùn ọ̀sán Láfẹ́ńwá fún wákàtí kan, mo wá kì í bọ omi dé itan lójijì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà nínú ẹ̀ sún kì, ó sì fa omi gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọlé. Kò pẹ́ tí ojú gíláàsì ẹ̀ fi ń làágùn bí ìgò omi tútù, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìrẹsì tí wọ́n ní ó máa ń fa omi kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ má fi oúnjẹ ṣòfò. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Pánṣẹ́kẹ̀ ló tú u. Ẹnu ibi tí bátìrì ń kàn ti dípẹtà. Ó fi spírítì àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ dọjọ́ kejì, ó gba ₦15,000 lọ́wọ́ mi, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àdín.

Ní báyìí, kí n tó jókòó nílé, ẹ̀rọ ti wẹ̀. Omi kànga nínú garawa ni, kì í ṣe họ́ọ̀sì alágbára. Mo máa ń tú ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì máa ń yọ ìbòrí abẹ́ àwo, torí yanrìn máa ń sá pamọ́ síbẹ̀ tí á máa ha á. Mi ò jẹ́ ṣí ẹnu bátìrì létí odò láé. Ó dìgbà tó bá gbẹ pátápátá, kí n tó ṣí i, kí n fi aṣọ tí kò ní òwú nu rọ́bà náà, kí n fi ìka tọ́ ọ wò yíká. Hóró yanrìn kan tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ti tó fún omi láti wọlé. Gírísì sílíkónì ni mo ń fi pa á, ìwọ̀nba tí á kàn jẹ́ kó dán. Bátìrì kì í sùn nínú ẹ̀. Hẹ́dífóònù tó bá a wá kì í ṣe ti omi, ọrùn mi ló ń wà, kì í kọjá ibẹ̀.

Mi ò kì í lọ sódò lásìkò òjò. Omi máa ń dédé kún, ìdídò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 sì wà lókè wa, tí wọ́n máa ń tú omi ibẹ̀ sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ odò àti ilẹ̀ gbígbẹ lẹ fẹ́ fi ṣe, owó mi kò dùn mí. Bó bá jẹ́ òkun lẹ fẹ́ bá lò, ẹ má ra onígbì kan, bó ti wù kí owó ẹ̀ rọjú tó.

Dírẹ́bà tipa yẹn tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣọ́bìrì wọn ló bọ́ sómi lọ́tẹ̀ yìí, ní ọ̀sán gangan. Mo ní kí wọ́n fún mi ní wákàtí kan, kí n kọ́kọ́ fi tówẹ́ẹ̀lì tútù bo ẹ̀rọ sábẹ́ ìbòji ná.