Páìpù Corby àti ṣọ́ọ̀bù irin tí mo ti ń rà á ní Dagenham

Ẹ̀yin ará iṣẹ́ wẹ́dà tí a jọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa ń bi mí níbi tí mo ti ń ra páìpù tí mo fi ń ṣe ọwọ́ àtẹ̀gùn àti géètì. Ṣọ́ọ̀bù kan ni ní ìhà Dagenham, kò jìnnà sí títì A13. Èyí tí mo ń rà jù níbẹ̀ ni páìpù roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 48.3, tó nípọn mìlímítà 3.2, tí wọ́n rọ ní Corby ní Northamptonshire.

Páìpù gidi ni. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ nílé iṣẹ́ kì í ta kókó, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ fún ìyípo àtẹ̀gùn, kì í là. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ máa ń bá ti ara irin mu. Mo ti ra ti òkè òkun lọ́wọ́ ẹlòmíì rí: ìwé wà, ṣùgbọ́n ara irin mọ́ roro, kò sí nọ́ńbà kankan. Ta ló máa fi irú ẹ̀ dúró níwájú ẹni tó ń yẹ ilé wò?

Ó wọ́n, òótọ́ ni. Obìnrin tó wà nídìí káńtà ló fara balẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí iye owó fi ń lọ sókè sódò. Ní 2018, lẹ́yìn tí Trump gbé owó ibodè ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé irin tó ń wọ Amẹ́ríkà, ẹ̀rù ba Yúróòpù pé ọ̀dọ̀ àwọn ni irin náà máa ya sí, ni wọ́n bá gbé ìdáàbòbò onígbà díẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí Britain kúrò láàárín wọn, ó mú tirẹ̀ dání. Lábẹ́ ìdáàbòbò yẹn, tí òpin rẹ̀ jẹ́ 30 oṣù kẹfà 2026, ìwọ̀n irin kan wà tó lè wọlé lóṣù mẹ́ta mẹ́ta láìsan owó ibodè. Tí ìwọ̀n yẹn bá ti kún, èyí tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ á san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyí tí páìpù òkè òkun fi lè gbówó lórí bí oṣù mẹ́ta kọ̀ọ̀kan bá ń parí lọ. Obìnrin yìí máa ń sọ fún mi èyí tó ti wọlé kí ìwọ̀n tó kún àti èyí tó máa san owó, kí n tó dá iye lé iṣẹ́ oníbàárà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Èmi fara mọ́ owó ibodè náà. Àwọn ará Scotland ló wá kún Corby láti 1930 sókè nítorí iṣẹ́ irin. Lára páìpù tí wọ́n ṣe níbẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun láti gbé epo lọ fún àwọn ọmọ ogun ní Faransé ní 1944. Iléru ibẹ̀ kú ní 1980, páìpù nìkan ló ṣẹ́ kù. Bí ti olówó pọ́ọ́kú bá tún lé ìyẹn lọ, a ò ní rí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dùn mí. Port Talbot ní Wales ni irin tí Corby fi ń ṣe páìpù ti ń wá. Láti 30 oṣù kẹsàn-án 2024 tí iléru tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti kú, láti Netherlands àti Índíà ni irin tí wọ́n ti yọ́ ti ń wá kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ ní Port Talbot. Àwọn tó ń ká a, tó ń jó o ni owó ibodè ń dáàbò bò. Àwọn tó ń yọ́ ọ ti lọ sílé. Oṣù keje 2025 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iléru oníná mànàmáná ní Port Talbot. Òfin àjọ WTO, àjọ tó ń rí sí ìṣòwò àgbáyé, sì ni pé irú ìdáàbòbò yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá ọdún mẹ́jọ. 30 oṣù kẹfà 2026 ni òpin ti Britain. Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ Port Talbot ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ iléru tuntun kó tó pa èyí tó wà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wọn ló gba ìkan tó kù: wọ́n á ní àárọ̀, ọjọ́rọ̀ ni ẹ máa rí wọn. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ẹ lọ gbé páìpù yín fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e sí méjì fún yín, àmọ́ ẹ má lọ lọ́sàn-án Sátidé, ẹni tó ń gé irin ti máa ń lọ sílé.