Mẹkáníìkì Kétu tó rí ibi tí omi ọkọ̀ mi ń gbà lọ

Bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé jọ̀ǹ-kúlásì ọkọ̀ yín (awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàrin orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀) ti jó, ẹ má tíì tọwọ́ bọ àpò. Ẹ ní kó fi hàn yín ná. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì Toyota Carina E mi palẹ̀ nítorí ẹnu rọ́bà kan tí kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ tó ń jò.

Omi ló ń dín. Màá rọ ọ́ kún ní Kétu láàárọ̀, kí n tó dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), abẹ́rẹ́ ooru á ti máa gòkè níwájú mi. Bẹ́ẹ̀, abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní omi tó ń lọ tí kò kán sílẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló ń lọ, kúlásì ni, kí n lọ wá 120,000 fáráǹ wá.

Àbúrò ọkọ mi tó ń wa taksí ló júwe èkejì fún mi, lọ́nà Pobẹ̀. Ọ̀dọ̀ èyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ọ̀gá ibẹ̀ tó ní kí n pa iná ọkọ̀, ó ti lọ dúró sẹ́yìn ẹsọ́ọ̀sì, ó wo èéfín rẹ̀ dáadáa. Kò funfun bí ì bá ti rí ká ní omi ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nà án sí mi: "Màmá, ẹ wò ó. Ká ní kúlásì ni, ó ṣeé ṣe kí omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì yìí, kó rí bí ẹ̀kọ mímu." Ọ́ìlì dúdú lásán ni mo rí. Ó ní ká jẹ́ kó tutù ná, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ó pẹ́ gan-an, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo fóònù wọn.

Ìgbà tó padà dé, ó mú pọ́ǹpù kékeré kan tó ní aago lórí, ó dè é mọ́ ẹnu ràdíétọ̀ níbi tí ìdérí máa ń wà, ó ń fi tẹ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn agbára rẹ̀ fi dé bar 1. Agbára tí omi máa ń ní nínú ọkọ̀ tó bá gbóná kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ní báyìí irin ti tutù, kò sóhun tí yóò gbẹ omi náà dànù. Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti dígí kékeré kan bọ abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ síhìn-ín." Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí i! Dúríìtì (rọ́bà tí omi ń gbà kọjá) tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé omi gbígbóná wá. Níbi tó ti wọ ẹnu irin rẹ̀ gan-an ni omi ti ń yọ, ó ń kóra jọ, ó ń já. Ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú ti gbẹ yí ibẹ̀ ká. Gbogbo ìgbà tí mò ń wá omi nílẹ̀, orí irin gbígbóná ló ti ń gbẹ. Mo pariwo, inú mi dùn débi pé mo gbàdúrà fún un níwájú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀.

Ó tú dúríìtì náà, ó fi ẹnu irin hàn mí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ ní kòtò-kòtò. Ó ní ẹni tó ni ọkọ̀ náà kó tó kàn mí, omi kànga ló ń dà sí i, omi lásán ló jẹ irin bẹ́ẹ̀, bí èèyàn ṣe wù kó fún kólíyè rẹ̀ (òrùka irin tó ń di dúríìtì mú) pa tó, yóò máa jò. Ó wá ẹnu irin mìíràn lára Carina tí wọ́n ti tú, ó fi sańpépà wẹ́wẹ́ dán an. Ó ti dúríìtì tuntun kọjá kókó tó wà lẹ́nu irin, ó wá de kólíyè sẹ́yìn kókó náà, kì í ṣe sórí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá gbọ́ o. Èmi fúnra mi ni mo ra jáàrì omi ràdíétọ̀ pupa, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, láti Kútọnu, tí mo gbé e lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo wá gbé ọkọ̀, mo wo inú ike omi. Omi mímọ́ gaara! Jáàrì mi wà lábẹ́ tábìlì, wọn ò tíì já ìdérí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó da omi sí i ní kànga ẹ̀yìnkùlé lòun ti fà á. Ọ̀gá kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Màmá, omi náà ni. Tó bá dín, ẹ ó máa rọ ọ́."

Tó bá dín kẹ̀! Ara mi gbóná. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹnu yín yìí ni mo ti gbọ́ pé omi kànga ló jẹ irin àkọ́kọ́. Ṣé èyí náà ni kó jẹ ni?" Kò dáhùn. Mo ní n kò kúrò níbẹ̀, mo fa bẹ́ǹṣì, mo jókòó ti ọkọ̀ mi.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ dìde. Ó da omi náà nù, ó po tèmi mọ́ omi mímọ́ tí kì í ṣe ti kànga ní ìlàjì-ìlàjì, ó ṣí ìgbóná inú ọkọ̀ pátápátá, ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìdé ràdíétọ̀ títí afẹ́fẹ́ fi hó jáde tán. Kò ní kí n má bínú. Ó tún gba 2,000 fáráǹ lé e fún àtúnṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bà jẹ́. Mo san án, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra, kò sì tíì tán nínú mi. Gbogbo owó náà jẹ́ 22,000.

Láti ìgbà náà, omi kò kúrò lójú ilà tó wà lára ike rẹ̀, yálà lójú ọ̀nà Sákété tàbí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Wàńdó ní Àjàṣẹ́ lọ́sàn-án gangan.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Ẹ ra omi ràdíétọ̀ yín dání, kí ẹ sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi dà á sí i lójú yín.