Pépà àyẹ̀wò ìtọ̀ tí mo ń lò fún bàbá mi

Lóru ọjọ́ tí rọ́bà ìtọ̀ bàbá mi (èyí tí wọ́n kì bọ àpò ìtọ̀ wọn kí ìtọ̀ lè máa jáde) dí, ikùn wọn le bí igbá. A ò rí mọ́tò ní Lafẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọ ọ́, nǹkan funfun bí iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rẹ̀. Mo fi èékánná ha á, ó rún bí èèpo ẹyin. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Proteus mirabilis ló fà á: ó máa ń sọ yúríà inú ìtọ̀ di amóníà, ìtọ̀ kò ní kan mọ́, iyọ̀ inú rẹ̀ á sì dì mọ́ rọ́bà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ra pépà àyẹ̀wò ìtọ̀ yìí ní Panṣẹ́kẹ́. 100 ló wà nínú ìgò kan. Ẹ ó tì í bọ ìtọ̀, ẹ ó yọ ọ́ kíá, ẹ ó fi wé àwọ̀ ara ìgò lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Ojú pH, tó ń sọ bí ìtọ̀ ṣe kan tó, nìkan ni mo ń wò: bó bá pọ́n bí ọsàn tàbí tó rí bí ewé, ọkàn mi balẹ̀, bó bá di búlúù, ìtọ̀ kò kan mọ́ nìyẹn, rọ́bà lè dí. Ojú leukocyte (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò jà) àti nitrite (ohun tí kòkòrò máa ń ṣe sínú ìtọ̀) kò wúlò fún wa. Ìtọ̀ ẹni tó ti pẹ́ lórí rọ́bà kì í ṣàìní kòkòrò, kódà bí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ má torí wọn sáré ra oògùn.

Ẹ má sì bu ìtọ̀ láti inú àpò bí mo ṣe ṣe lóṣù àkọ́kọ́. Èyí tó ti pẹ́ nínú àpò máa ń di búlúù fúnra rẹ̀. Ìgbà tí mo bá ń pààrọ̀ àpò ni mo ń gba èyí tó ń kán látẹnu rọ́bà. Ọ̀rinrin náà ń ba pépà jẹ́: lásìkò òjò, ọmọ mi gbàgbé ìdérí, ni ìyókù inú ìgò bá yí àwọ̀ kí n tó lò wọ́n.

Rọ́bà tí yóò máa ta wá lólobó fúnra rẹ̀ ni mo ń retí. Ní University of Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2016: bí ìtọ̀ kò bá kan mọ́, ohun tí wọ́n fi bò ó á yọ́, aró á tú jáde, ìtọ̀ á di yẹ́lò yòò bí ata ilẹ̀ pupa. Ní yàrá ìwádìí wọn, ó ta wọ́n lólobó ní nǹkan bíi wákàtí 12 kí rọ́bà tó dí. Wákàtí 12! À bá ti délé ìwòsàn kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní báyìí, láràárọ̀ ni bàbá ń bi mí pé, "Àwọ̀ wo ni tòní?" Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní, "Búlúù ni, Bàámi, ọjọ́ kejì rèé." Wọ́n ní, "Pe nọ́ọ̀sì." Ó pààrọ̀ rọ́bà náà kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù.