Dragon Ball Z: Super Saiya Densetsu, Ìjà Tí Káàdì Ń Darí

Géèmù yìí, tí Bandai gbé jáde fún Super Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo, ní Jàpáánì lọ́dún 1992, tí ó sì dá lórí ìtàn alàwòrán Akira Toriyama, wù mí gan-an, nítorí pé làákàyè ló ń ṣẹ́gun níbẹ̀, kì í ṣe ìyára ọwọ́. Káàdì la fi ń jà: àmì tó wà lókè káàdì ń sọ bí ìkọlù yóò ṣe le tó, ti ìsàlẹ̀ sì ń sọ bí ààbò yóò ṣe tó. Nígbà tí mo dojú kọ Vegeta, ọ̀kan lára àwọn ọ̀tá inú géèmù náà, pẹ̀lú káàdì tí òkè rẹ̀ lágbára ṣùgbọ́n tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní láárí, ṣe ni àyà mi ń lù kìkì. Ìrìn láti ìjà kan dé òmíràn ti falẹ̀ jù. Èdè Jàpáánì nìkan ni wọ́n fi tà á, nítorí náà mo há àwọn àmì káàdì náà sórí, n kò sì kábàámọ̀.