Àgbéyẹ̀wò NE555 nínú ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ fóltéèjì fún fíríìjì

Ní Òṣogbo níbí, mo ń kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò máa ṣọ́ iná ìjọba fún fíríìjì. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ó gbọ́dọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí relay (suwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí tó sì ń tì) tó gbé iná fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, nítorí bí a bá tún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tàn nígbà tí agbára gáàsì inú páìpù kò tíì wálẹ̀, ó lè jóná. NE555, ẹ̀yà kékeré (IC) tó ń díwọ̀n àkókò, ni mo fi ṣe aago rẹ̀, mo sì rà á ní Alẹ́kúwodò lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà rédíò. Láti 1972 ni Signetics ti gbé e jáde, fóltì 4.5 sí 16 ló sì ń lò.

Ìṣirò àkókò rẹ̀ rọrùn: a ó fi 1.1 sọ iye resistor (ẹ̀yà tó ń dín iná tó ń kọjá kù) di púpọ̀, a ó sì tún fi iye capacitor (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́) sọ ọ́ di púpọ̀. Pẹ̀lú 820 kΩ àti 220 µF, ìṣẹ́jú àáyá 198 ló yẹ kí ó fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, relay á ti gbé iná kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á pẹ́ ju bó ti yẹ lọ.

Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àṣìṣe yìí ń gbà wọlé. Bí iná bá lọ fún ìgbà díẹ̀ péré, tó tún dé, capacitor náà kò tíì tú iná inú rẹ̀ tán, nítorí náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Diode 1N4148 kan (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) tí a so mọ́ ẹ̀gbẹ́ resistor, tí ojú tó ní ìlà dúdú kọ sí fóltì 12 tí ẹ̀rọ náà ń lò, a máa tú u kíákíá. Èyí yanjú ti àkọ́kọ́ pátápátá.

Ti èkejì, ìyẹn pípẹ́ ju bó ti yẹ lọ, ló le jù. Capacitor gbọ́dọ̀ kún dé fóltì 8, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta fóltì 12, kí NE555 tó dáhùn. Bó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, iná tó ń gba inú resistor kọjá kò tó 5 µA mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni òfin tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sínú ìwé capacitor irú èyí, ti fóltì 16, gbà á láyè láti jò tó 35 µA. Bí ó bá ti pẹ́ tí a kò lò ó, jíjò náà a máa pọ̀ sí i, lẹ́yìn lílò díẹ̀ a sì dínkù. Abájọ tí àkókò fi ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹ má fi mítà sí ẹsẹ̀ 6 NE555, tí a so mọ́ capacitor náà, nígbà tí ẹ bá ń wọn àkókò, nítorí òun náà ń fa iná nínú capacitor yẹn.

Mo tún fi 0.01 µF sí ẹsẹ̀ 5, àti diode 1N4007 sí ẹ̀gbẹ́ relay; wọ́n mú ariwo iná rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mú jíjò náà kúrò.

Ìdájọ́ mi ni pé fún ìdúró ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, NE555 dára gan-an, kò sì sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, CD4060, IC tó ń ka ìgbì iná, ni mo fi rọ́pò rẹ̀: 110 kΩ pẹ̀lú capacitor polyester 0.1 µF ń fún un ní nǹkan bí ìgbì 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń ka 8192 nínú wọn kí ẹsẹ̀ 3 tó ga sókè. Capacitor polyester kì í jò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ 12 ni kí ẹ so pọ̀ mọ́ apá tó ń ṣọ́ fóltéèjì, kí kíkà lè bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní gbogbo ìgbà tí iná bá padà dé.